Bí Dátà Sẹ́ńtà Bá Ń Bọ̀ Ládùúgbò: Ẹ Tètè Wọn Kànga Yín

Dátà sẹ́ńtà ni ilé ńlá tí wọ́n to ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà sí. Irú ibẹ̀ ni fídíò tẹ́ ẹ̀ ń wò lórí fóònù ti ń wá. Ó ti wà n'Íkẹjà, ó ti wà ní Lẹ́kí. Tọ̀sán tòru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń gbóná bí ààrò. Atẹ́gùn ni àwọn kan fi ń tù wọ́n, omi ni àwọn míì. Púpọ̀ nínú omi yẹn ń bá ooru fò lọ ni, kì í padà sí kànga ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń fi atẹ́gùn tù ú náà, iná ni wọ́n ń jẹ jù, ẹ sì mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa.

Nílùú The Dalles, ní Oregon l'Amẹ́ríkà, ohun tí Google nìkan lò lọ́dún 2021 ju ìdá kan nínú mẹ́rin omi ìlú lọ. Kí iye yẹn tó hàn sí aráàlú, ó di ẹjọ́ láàárín ìjọba ìlú àti ìwé ìròyìn kan, ìjọba ìlú ní àṣírí òwò Google ni.

Nítorí náà, kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ẹ wọn kànga yín. Ní ìdájí, kẹ́nikẹ́ni tó fami, ẹ so òkúta mọ́ okùn, kẹ́ ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Tó bá ti dún "pọ̀ọ́", ẹ di okùn mú ní etí kànga, ẹ fà á jáde, kẹ́ ẹ fi téèpù télọ̀ wọn ọ́n láti ọwọ́ dé ìdí òkúta. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, lóṣooṣù. Láìsí ìwé yẹn, ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọn yóò ní ó gbẹ kànga. Ẹ̀yin tó wà nítòsí òkun, ẹ máa tọ́ ọ wò pẹ̀lú: bí wọ́n bá fa omi abẹ́ ilẹ̀ jù, iyọ̀ a wọ̀ ọ́.

Ní Nàìjíríà, òfin àyẹ̀wò àyíká ti ọdún 1992 fún aráàlú láyè láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ńlá. Wọ́n máa ń pàtẹ ìwé àyẹ̀wò náà fún ọjọ́ iṣẹ́ 21. Ẹ rán ẹni tó mọ̀wé dáadáa lọ kà á. Lítà mélòó ni lóòjọ́? Omi ìjọba ni àbí kànga ẹ̀rọ? Ta ni yóò máa ka mítà? Ẹ má gba ìṣirò ọdún kan gbáko o. Ti oṣù Kejì àti Ìkẹta, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni kẹ́ ẹ bèèrè.

L'Ékòó, LASWARCO, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀, ló ń ṣàbójútó ọ̀rọ̀ omi àti kànga ẹ̀rọ. Ẹ kọ àwọn ìbéèrè yín sínú ìwé, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ méjì lọ síbẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì mú un bọ̀ wálé.