Pickup wo ló yẹ fáyólìn ẹ? Ka èyí kó o tó náwó

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó pickup (ohun tó ń gba ohùn fáyólìn lọ sí sípíkà) kankan, ẹ kọ́kọ́ ro ibi tẹ́ ẹ ti máa lò ó, torí ẹni tó ń dá ta fáyólìn níbi tó dákẹ́ àti ẹni tó dúró síwájú onílù, ohun tí wọ́n nílò ò jọra rárá.

Níbi tó dákẹ́, máíkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ara fáyólìn, irú DPA 4099, ló ń gbé ohùn igi yẹn jáde dáadáa jù. Àmọ́ jẹ́ kí ìlù wọlé, gbogbo ariwo tó wà nítòsí ló máa gbé pọ̀, sípíkà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Piezo, ìyẹn pickup tó ń mọ gbígbọ̀n, lẹ máa lò níbẹ̀, torí bí bridge (igi pẹlẹbẹ tó gbé okùn dúró) ṣe ń gbọ̀n lòun ń gbé, kì í ṣe atẹ́gùn. Irú kan ni Fishman V-200, ihò ẹ̀gbẹ́ bridge lẹ máa há a sí, kò sí pé ẹ ń gbẹ́ igi. Èyí tí wọ́n kọ́ mọ́ inú bridge fúnra ẹ̀, bíi ti LR Baggs, ẹ má dá a fi sí o! Ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún fáyólìn ṣe kó fá ẹsẹ̀ ẹ̀ títí tó fi máa jókòó pẹ̀lẹ́bẹ́.

Wàyí o, preamp, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó máa ń wà láàárín pickup àti mixer (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń da ohùn pọ̀). Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí ibí yìí gan-an, torí ọ̀pọ̀ ló ń ju pickup tó dáa nù tí wọ́n ní ohùn ẹ̀ tín-ín-rín, ó ń họni létí, tó sì jẹ́ pé ihò line lára mixer ni wọ́n so ó mọ́ tààrà. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fóṣù mélòó kan, inú mi bà jẹ́ gan-an. Piezo fẹ́ input (ihò tí ohùn ń gbà wọlé) tí ìdènà iná ẹ̀ tó 1 megohm ó kéré tán, ti line sì sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 10 kilohm, ibẹ̀ ni ohùn ìsàlẹ̀ ti ń ṣòfò. Ẹ fi preamp sáàárín wọn, kí wáyà tó ti ara pickup dé ibẹ̀ kúrú. Tó bá jẹ́ fáyólìn oníná lẹ ní, ẹ wò ó bóyá ó ń lo bátìrì, ó ṣeé ṣe kí preamp ti wà nínú ẹ̀.

Tó bá ṣì ń họni létí, ẹ lo EQ (ibi tẹ́ ẹ ti ń tún ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ṣe), kẹ́ ẹ fa 2 sí 4 kHz wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ gé ìsàlẹ̀ 100 Hz dànù, okùn G ò kọjá 196 Hz nísàlẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ mú bow tiyín dání, ẹ ta okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níkọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá ń pariwo ju ìyókù lọ, tí wọ́n tún un jókòó tí kò yí padà, ẹ gbé òmíì.