Fótò tó máa wọ obìnrin lójú, èyí tó máa wọ ọkùnrin lójú: bẹ́ẹ ṣe máa ṣà á

Tó bá jẹ́ obìnrin lẹ̀ ń wá, tẹ́ẹ sì fẹ́ gbé fótò sórí ápùù tí wọ́n fi ń wá olólùfẹ́, ẹ má lọ bi ọ̀rẹ́ yín ọkùnrin pé èwo ló dáa jù. Ojú tiẹ̀ kọ́ ló fẹ́ wò ó. Ìdí nìyẹn táwọn bọ̀ọ̀dá kan fi ń to fótò jíìmù kalẹ̀, àyà níta, ṣẹ́ẹ̀tì ò sí, táwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn á máa hó yèè, obìnrin tí wọ́n torí ẹ̀ gbé e síbẹ̀ á sì ti kọjá lọ. Ẹ bi obìnrin. Ẹ̀yin ọmọge náà, ọ̀rẹ́ yín obìnrin lè mú èyí tí bàtà ti jáde dáadáa, kí ọkùnrin tẹ́ẹ ń wá má tiẹ̀ rí bàtà yẹn rárá.

Ojú ni kẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ jù. Lọ́dún 2011, Jessica Tracy àti Alec Beall ní Yunifásítì British Columbia ní Kánádà fi fótò han èèyàn tó lé ní 1,000, wọ́n ní kí wọ́n sọ bó ṣe fà wọ́n mọ́ra tó. Obìnrin tínú ẹ̀ ń dùn làwọn ọkùnrin fẹ́ràn jù, èyí tó gbórí sókè tó ń yangàn sì wà lára àwọn tó gbẹ̀yìn. Tàwọn obìnrin wá yí padà: ọkùnrin tó ń yangàn ló gba ipò kìíní, èyí tó ń rẹ́rìn-ín wà lẹ́yìn. Ohun tó kọ́kọ́ fa ojú ni wọ́n bi wọ́n o, wọn ò bi wọ́n pé ta ni wọ́n máa fẹ́.

Torí náà, ọmọge, ẹ fi ẹ̀rín síwájú. Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbórí sókè, ẹ tú èjìká sílẹ̀, ẹ pa ẹnu dé díẹ̀, àmọ́ mi ò ní kẹ́ẹ fajú ro bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Kẹ́ẹ wá fi ẹ̀rín sí fótò kejì tàbí ìkẹta, torí obìnrin tó bá fẹ́ ẹni tí wọ́n jọ máa pẹ́ á fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn jẹ́jẹ́ ni yín.

Apá ńkọ́? Ẹ má ká a mọ́ra. Ìwádìí kan tó jáde nínú PNAS, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà, lọ́dún 2016 gbé àwọn èèyàn kan náà sórí ápùù báyìí, fótò tí wọ́n ti na ara dáadáa lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n ti ká ara kò lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n na ara ni wọ́n yàn jù, pàápàá tó bá jẹ́ ọkùnrin.

Ohun tó wà lẹ́yìn yín náà ń sọ̀rọ̀. David Buss, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣèwádìí láàárín àwùjọ 37, ó sì gbé e jáde lọ́dún 1989: àwọn ọkùnrin ka ẹwà sí ju àwọn obìnrin lọ, àwọn obìnrin sì ka ọ̀nà àtijẹ àti akitiyan sí jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n tọkùnrin tobìnrin ló fi ìwà tútù àti làákàyè ṣáájú méjèèjì. Fótò tẹ́ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́ẹ mọ̀ ọ́n ṣe dáa ju èyí tẹ́ẹ fi jókòó sórí mọ́tò olówó iyebíye ẹlòmíì lọ, ìyẹn tiẹ̀ ń kójú ti èèyàn ni.

Ẹni bá wá sọ fún yín pé obìnrin kì í fojú wo nǹkan, ẹ má gbà á. Lóòótọ́, lọ́dún 2004 wọ́n rí i ní Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà pé apá kan nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amygdala ń ṣiṣẹ́ gan-an lára àwọn ọkùnrin tí wọ́n bá rí àwòrán ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́, ju tàwọn obìnrin lọ. Àmọ́ nígbà táwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí 61 pọ̀ lọ́dún 2019, wọn ò rí ìyàtọ̀ gidi nínú bí ọpọlọ tọkùnrin tobìnrin ṣe ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Nítorí náà bọ̀ọ̀dá, ẹ lọ gẹ irun yín, kẹ́ẹ lọ aṣọ náà.

Fótò ẹlẹ́ni púpọ̀ ò gbọdọ̀ jẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó ń wò ó ò ní dúró wá yín láàárín èèyàn mẹ́fà.