Lẹ́tà O kan ṣoṣo ló jẹ́ kí n sùn sí bọ́dà: bí mo ṣe wa mọ́tò lọ ya fọ́tò àlàpà ní Kùtọnu àti Tógò

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti owó ná. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 350 náírà ni mo kọ sílẹ̀ fún ìrìn-àjò yìí, epo, oúnjẹ, ibi tá a máa sùn, gbogbo ẹ̀ pátá. Ìgbà tí mo fi máa padà dé Èkó, ó ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà 580. Tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ló jẹ ìyókù, lẹ́tà kan ló jẹ ẹ́. Lẹ́tà O. Mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe jẹun, ìgbéyàwó, ìkómọ, òkú àgbà, àmọ́ àlàpà ló wà lọ́kàn mi. Ilé tí òrùlé ẹ̀ ti já, tí igi ti hù gba ojú fèrèsé jáde, èmi lẹ lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún látàárọ̀ dalẹ́. Ní 2016 tí wọ́n wó Ilojo Bar ní Tinubu Square l'Ékòó, ilé tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà dé, ti kọ́ láti nǹkan bí 1855, mo ń gba iwájú ilé yẹn kọjá fún ọdún mẹ́rin gbáko mi ò yà á lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ tí mo rí àwókù ẹ̀ nílẹ̀ ó dùn mí débi tí n ò lè jẹun. Látìgbà yẹn ni mo ti ń sọ pé màá lọ ya àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó kù lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́ lọ sí Tógò kí wọ́n tó wó tán.

Bá a ṣe kúrò l'Ékòó, ìyẹn ò lẹ́jọ́ nínú, èmi àti àbúrò mi, Corolla tokunbo, kámẹ́rà méjì. Sèmè náà, a kọjá. Kì í ṣe pé ó yá o, àmọ́ a kọjá.

Àjàṣẹ́, tí ìwé ń pè ní Porto-Novo, la kọ́kọ́ dúró sí nítorí mọ́sálásí àtijọ́ tó wà láàárín ìlú. Ẹni tí ò bá mọ̀ á búra pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ilé ìṣọ́ méjì níwájú, òdòdó tí wọ́n fi símẹ́ńtì ya sí ògiri, ọ̀dà aláràbarà, torí pé àwọn ìdílé Àgùdà tó ti Brazil dé ló kọ́ ọ, irú ilé ìsìn tí wọ́n mọ̀ ní Bahia lọ́hùn-ún ní Brazil ni wọ́n sì kọ́, wọ́n kàn ń kírun nínú ẹ̀ ni. Ọ̀dà yẹn ti ń ṣí bí awọ ejò. Bàbá àgbà kan tó jókòó sábẹ́ igi ń wò mí bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ya ẹsẹ̀ ògiri, ó fi Yorùbá tó já gaara bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé kò sí ilé tuntun tó o lè yà ni?" Mo ní bàbá, tuntun ò ní ìtàn. Ó ní irọ́ ni mo ń pa, pé tuntun náà ní ìtàn, gbèsè ni ìtàn ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí kámẹ́rà fi mì. Fọ́tò yẹn burú, mi ò paárẹ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé kò sí ilé kankan tí ò ní ẹni tó ni ín. Àwọn ilé Àgùdà tẹ́ ẹ rí tó ti ń ya lulẹ̀ yẹn, ẹbí wà ńbẹ̀, bóyá ogójì èèyàn tí wọn ò tíì fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa pín in ni. Torí náà, ẹ wá ẹni tó ń ta nǹkan níwájú ilé, ẹ kí i dáadáa, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ béèrè. Ìyá kan tó ń ta àkàsà ló ránṣẹ́ pe ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ fún mi.

Ó wá di bọ́dà kejì, láti ilẹ̀ Kùtọnu bọ́ sí Tógò.

Ọjọ́ Sátidé ni, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa, èmi tún ń yọ̀ pé mo jèrè wákàtí, mo ti ń ṣírò ẹ̀ pé a máa sùn ní Atakpamé, pé ilẹ̀ Sọ́ńdè máa mọ́ bá mi ní Kamina, níbi àlàpà ilé-iṣẹ́ rédíò àwọn Jámánì, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tí mo ti ń lálàá ẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Ọkùnrin tó ń yẹ ìwé wò ní kí n mú ínṣọ́ránsì wá, ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ tí àwa ará ECOWAS fi ń wa mọ́tò wọ ilẹ̀ ara wa. Mo mú un fún un. Ó tẹ nọ́ńbà ṣàásì tó wà lórí ìwé sínú fóònù ẹ̀, kò wá. Ó tún un tẹ̀. Kò wá. Ó dìde, ó lọ síwájú mọ́tò, ó fi ìka nu eruku kúrò ní igun gíláàsì níbi tí nọ́ńbà yẹn wà, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀, èmi náà ń ka ti orí ìwé tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọmọ ilé-kéwú. Nígbà tá a dé ìdajì, ó ní "zéro". Mo wo ìwé. Nǹkan tó wà níbẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀ ju òdo lọ. Lẹ́tà O ni.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn máa dẹ̀rín. Òdo àti O, kí ni ìyàtọ̀? Ó ní ìyàtọ̀ ni pé ínṣọ́ránsì tí mo mú dání, mọ́tò tí ò sí láyé ló ń dáàbò bò. Òun ò bínú o, ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú, torí ká ní ó jágbe mọ́ mi, ẹ̀mí mi ì bá rí ẹni dá lẹ́bi. Ó jẹ̀bi kẹ̀? Òótọ́ ló sọ.

Èèyàn tó yẹ kí n bínú sí ni ẹjẹnti tó bá mi ṣe ìwé yẹn l'Ékòó, tó gba owó kíákíá, tó ní "bọ̀dá, ẹ má wòran, ìwé yín pé". Mo pè é ní ìgbà mọ́kànlá. Ní ìkẹta fóònù ń dún, ní ìkẹrin ó ti pa. Owó rómíìnì sì ń lọ. Mo fi fótò ìwé ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, àmì méjì, kò di búlúù. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí kéèyàn máa wo àmì méjì fún wákàtí mẹ́rin?

Obìnrin tó ń kọ ínṣọ́ránsì tuntun ní bọ́dà ti ti ṣọ́ọ̀bù lọ sílé. Wọ́n ní àárọ̀ ọ̀la, tó bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Inú mọ́tò la sùn. Ooru ní tiẹ̀, ẹ̀fọn ní tiẹ̀, tá a bá ṣí wíńdò ẹ̀fọn á jẹ wá, tá a bá tì í a máa sè jinná. Àbúrò mi hanrun o, mi ò mọ irú ẹni tó jẹ́.

Dírébà tírélà kan tí òun náà sùn síbẹ̀ ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ nídìí tíì tí a jọ ń mu láago mẹ́fà. Mo ń ṣàlàyé ìyà tó jẹ mí, ó ní, "Ṣé o ò mọ̀ pé nọ́ńbà ṣàásì kì í ní lẹ́tà O rárá ni? Kì í ní I, kì í ní Q. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ wọ́n kúrò ni kí wọ́n má baà ṣì wọ́n mú fún ení àti òdo." Nọ́ńbà àti lẹ́tà mẹ́tàdínlógún ló máa ń jẹ́ lápapọ̀, tẹ́ ẹ bá ti rí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn, ẹ ti mọ̀ pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò fi ọkàn sí i. Ìdá ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà mí l'Ékòó. Ìdá ìṣẹ́jú kan! Ọdún kejìlá tí mo ti ń wa mọ́tò nìyí.

Obìnrin yẹn dé láago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ó kọ tuntun fún wa, mo sanwó ẹlẹ́ẹ̀kejì, a kọjá. Aného, mo kàn ya mẹ́ta láti ojú mọ́tò, ìlú tí mo gbèrò láti lo ọjọ́ kan gbáko, tí àwọn Jámánì ti fi Zébé lẹ́bàá ẹ̀ ṣe ibùjókòó ìjọba wọn títí wọ́n fi kó lọ sí Lomé ní 1897. Ilé àtijọ́ ibẹ̀ pọ̀. N ò tíì dárí ji ẹjẹnti lórí Aného.

A dé Kamina nítòsí Atakpamé bí òòrùn ṣe fẹ́ máa rọlẹ̀. Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n: láàárín 1911 sí 1914 ni àwọn Jámánì kọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá sínú igbó ibẹ̀, wọ́n gbé òpó irin gígùn gàgàrà mẹ́sàn-án nà sókè, kí ọ̀rọ̀ láti Nauen, lẹ́bàá Berlin, lè máa já sí Áfíríkà tààrà. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1914. Nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sún mọ́ tòsí, àwọn Jámánì fúnra wọn ló fọ́ ọ, wọ́n wá juwọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yẹn. Gbogbo làálàá yẹn, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ló fi ṣiṣẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ yẹn, ẹ gbọ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó pọ́n bí epo pupa, ó sì ń fi gbogbo ihò àti ibi tó ti sán lára kọnkéré tí wọ́n gbé òpó lé hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bóótì irin kan ṣì yọrí jáde láàárín kọnkéré, ó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi, ó ti dípẹtà, aláǹgbá kan jókòó lé e lórí. Mo ya aláǹgbá yẹn ní ìgbà ogún, ó dúró fún mi bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Fọ́tò tó dára jù tí mo yà láyé mi nìyẹn, mi ò sọ ọ́ láti yangàn, mò ń yangàn ni.

Ìyá àgbà kan tó ń ti oko bọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ó kí wa, mo gbọ́ bí ìdajì ohun tó sọ, mo dá a lóhùn ní Yorùbá, òun náà gbọ́ bí ìdajì. Ifẹ̀ ni èdè wọn, àwọn Yorùbá Atakpamé tí àwọn míì ń pè ní Àná. Ó nawọ́ sí kọnkéré, ó rẹ́rìn-ín, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, ẹ ka nọ́ńbà ṣàásì yín láti ara mọ́tò gan-an, kì í ṣe láti orí ìwé míì, torí àṣìṣe máa ń bí àṣìṣe. Ẹ má lọ sí bọ́dà lọ́sàn-án Sátidé. Ẹ mú séfà, owó tí wọ́n ń ná lọ́hùn-ún, ní wẹ́wẹ́. Bàtà tí ìṣó ò lè gún. Dúróònù, ẹ fi sílé, wàhálà tèmi ti tó. Kámẹ́rà sì gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì títí ẹ fi máa jìnnà sí bọ́dà pátápátá.

Mo gbé aláǹgbá yẹn sí sítátọ́ọ̀sì ní ọjọ́ Tọ́sìdé. Ẹjẹnti wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wò ó. Ó fi àtẹ́wọ́ mẹ́ta ránṣẹ́, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ò tiẹ̀ sọ pé ẹ ti dé."