Bí A Ṣe Ń Wá Ẹ̀rọ Àtijọ́ Tó Ń Dá Bébà Lu, Tí A sì Ń Tún Un Ṣe fún Sítáǹpù Oníṣẹ́-Ọnà

Sítáǹpù àlẹ̀mọ́ àkọ́kọ́, tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1840, kò ní ihò létí. Sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń gé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Henry Archer, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ló gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ ní nǹkan bí 1848 tí yóò máa dá ihò lu sáàárín wọn, ó sì di 1854 kí sítáǹpù oníhò tó di ohun tí gbogbo ènìyàn ń rà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́-ọnà bíi Robert Watts ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí ṣe sítáǹpù tiwọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọn kò fi ihò yìí sílẹ̀, nítorí òun ló ń mú kí àwòrán kékeré di sítáǹpù lójú ẹni tó ń wò ó. Ní àwọn ọdún 1960 yẹn kan náà ni iṣẹ́ ọnà títẹ̀ sórí bébà ń fìdí múlẹ̀ ní Òṣogbo. Ọwọ́ tó mọ àwòrán kò wọ́n wa. Ẹ̀rọ ló kù.

Kí ẹ tó máa wá a kiri, ẹ mọ irú èyí tí ẹ fẹ́. Irú kan ní kẹ̀kẹ́ eléyín tó ń yí lórí bébà, tó sì ń gé e ní ojú gígùn tín-ínrín. Èyí dára fún ìwé rìsíìtì, ṣùgbọ́n kò lè fún yín ní eyín sítáǹpù. Irú kejì ni tiyín. Ó ní ọ̀wọ́ abẹ́rẹ́ tí orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n tò sára irin gígùn kan, ó sì ní irin pẹlẹbẹ oníhò nísàlẹ̀, tí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ń wọ inú ihò tirẹ̀. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dà, gbogbo abẹ́rẹ́ á sọ̀kalẹ̀ pọ̀, wọn á sì gé èérún bébà roboto sínú àpótí abẹ́ rẹ̀. Lára àwọn tó gbajúmọ̀ ni ti Rosback, tí wọ́n ṣe ní Benton Harbor, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà.

Ilé ìtẹ̀wé tó ti pẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ má kàn wọlé béèrè pé èló ni. Ẹ kí bàbá tó ni ilé iṣẹ́ náà dáadáa, ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ náà ṣe, kí ẹ sì béèrè ìdí tí wọ́n fi pa á tì, nítorí ẹ̀rọ tí wọ́n pa tì nígbà tí oníbàárà rẹ̀ dínkù yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí wọ́n pa tì nítorí pé ó kọṣẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ han àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí wọ́n má bàa fọ́ ọ tà ní kílò.

Ibi tí abẹ́rẹ́ àti ihò rẹ̀ ti bá ara wọn mu ni gbogbo iyì ẹ̀rọ náà wà. Ẹsẹ̀ tó kán, wẹ́dà á jó o. Sípíríǹgì tó rọ̀, ẹ ó rí òmíràn. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ewé bébà kan sábẹ́ àwọn abẹ́rẹ́, ẹ rọra tẹ pẹ́dà, kí ẹ sì gbé bébà náà sójú oòrùn. Níbi tí abẹ́rẹ́ ti kán, ẹ ó rí àlàfo. Níbi tí abẹ́rẹ́ ti kújú, ihò á ṣí ní ìdajì, èérún rẹ̀ á sì ṣì rọ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Níbi tí ihò irin ti fẹ̀ jù, etí ihò bébà á ya jágajàga. Àbùkù méjì ìṣáájú ní àtúnṣe; bí ti ẹ̀kẹta bá pọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà lọ, nítorí irin pẹlẹbẹ tuntun ni yóò gbà.

Bí ìpẹtà bá ti mú un mọ́lẹ̀, ẹ má fi agbára tẹ pẹ́dà rárá. Ẹ da kẹrosíìnì sí gbogbo oríkèé rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó tú u, ẹ sì fi igi sábẹ́ irin abẹ́rẹ́ kó má bàa já lé yín lọ́wọ́. Sánpépà kò gbọ́dọ̀ kan abẹ́rẹ́, torí bó ti wù kó kéré tó, yóò jẹ ẹ́ tín-ín-rín, ihò rẹ̀ kò sì ní bá a mu mọ́. Aṣọ tí a rẹ sínú kẹrosíìnì ni kí ẹ fi nù ún, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù. Èérún bébà tó ti dì sínú ihò, ẹ fi wáyà tó kéré ju ihò lọ tì í jáde. Bí ẹ bá yọ abẹ́rẹ́ kan, ẹ kọ nọ́ńbà ipò rẹ̀ sílẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ àti ihò tó ti jọ ṣiṣẹ́ pẹ́ ti mọ ara wọn.

Ní ti abẹ́rẹ́ tó kán, Òṣogbo ṣe wá lóore: ìlú tí Nigeria Machine Tools, ilé iṣẹ́ tó wà fún ṣíṣe ẹ̀rọ ìgérin, wà kò ṣàìní àwọn tó mọ irin yí lórí lathe, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí irin bí a ti ń gé e. Ẹ mú abẹ́rẹ́ kan tó ṣì pé lọ fún wọn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, kí wọ́n fi irin líle ṣe òmíràn tó ṣe déédéé pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ má tètè dè bóòtì pinpin. Ẹ fi ọwọ́ rọra sọ irin abẹ́rẹ́ kalẹ̀ títí gbogbo abẹ́rẹ́ yóò fi wọnú ihò láìha, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá dè é. Ẹ kan òróró ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ sí oríkèé rẹ̀, kí ẹ sì lu bébà tí ẹ kò lò títí òróró kò fi ní hàn létí ihò mọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣì ń ha, ẹ lu bébà tí ẹ ti fi àbẹ́là pa. Ìda rẹ̀ á mú kí wọ́n máa yọ̀.

Ewé bébà kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe páálí. Bí ẹ bá ti fi gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kó má bàa lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́. Ẹ lu gbogbo ìlà ìbú tán kí ẹ tó yí bébà láti lu ti òró. Níbi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, ihò lè gun orí ara wọn. Kò bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára ọ̀pọ̀ sítáǹpù àtijọ́ tí wọ́n lu ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe kọ iye náírà tàbí ohun tó jọ ti NIPOST sí i, ẹ má sì fi í dípò sítáǹpù ìjọba lára lẹ́tà: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ lẹ tiyín mọ́.