Bí ẹ ṣe lè kó àdúgbò yín kúrò lórí jẹ́ń bọ́ sórí sólà láì da owó sómi

Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023 ni gbogbo mítíìnì àdúgbò ti di mítíìnì sólà. Epo tí lítà rẹ̀ ò tó 200 náírà nígbà yẹn, kí 2024 tó parí ó ti lé ní 1,000. Iná ìjọba náà ò gbẹ́yìn, oṣù kẹrin 2024 làwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná pẹ́ jù lójúmọ́, rí i tí yúnìtì kan fò láti 68 náírà sí 225. Torí náà mi ò ní máa wàásù fún ẹnikẹ́ni pé kó fi jẹ́ń sílẹ̀, ẹ ti mọ̀yẹn. Èyí tí mo fẹ́ sọ ni bí àdúgbò kan ṣe máa ṣe é tí ò fi ní jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún kan pánẹ́ẹ̀lì wà lórí òrùlé ṣùgbọ́n jẹ́ń ló tún ń dún nílẹ̀. Mo ti rí i ní Ìbàdàn níbí léraléra, ojú kan náà ni gbogbo wọn sì ti ń kọsẹ̀: ìṣirò lóòdù, ìyẹn kíka iye iná tí gbogbo nǹkan inú ilé ń jẹ. Ma á débẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ pe mítíìnì. Kì í ṣe lánlọ́ọ̀dù nìkan o, ẹ pe àwọn ayálégbé, torí àwọn ló ń lo iná jù, ẹ pe ìyá tó ń ta ẹja yìnyín, ẹ pe télọ̀ àti bábà tó ń gẹ irun, torí iṣẹ́ tiwọn ló ń jẹ epo jù lójúmọ́. Ẹ yan èèyàn mẹ́ta: akápò, rewáyà kan tó ń gbé ládùúgbò, àti ọmọdé kan tó mọ fóònù lò dáadáa. Ẹni tó ń ta sólà ò gbọdọ̀ sí nínú àwọn mẹ́ta yẹn, kódà kó jẹ́ àbúrò alága.

Kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ dí ihò tí iná ń gbà jò. Gílóòbù oníná pupa àtijọ́ tó ń jẹ 60 wáàtì, ẹ yọ gbogbo ẹ̀, LED 9 wáàtì máa tàn tó o. Iná ìta tó ń tàn di ọ̀sán gangan, ẹ fi ẹni tó máa pa á láràárọ̀ sí i. Ilẹ̀kùn fíríìjì, ẹ fi owó 50 náírà bébà há a lẹ́nu kẹ́ ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ wá fà á. Tó bá kàn yọ́ jáde wẹ́rẹ́, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ti kú, òtútù ń jáde tọ̀sántòru, mọ́tọ̀ ẹ̀yìn ò sì ní sinmi. Ẹ má tíì ra rọ́bà tuntun, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ inú ìṣẹ́po ẹ̀ dáadáa ná, púpọ̀ nínú wọn ló máa ń padà lẹ̀. Kẹ́ ẹ sì fa fíríìjì yẹn kúrò lára ògiri, ó kéré tán kọ́wọ́ lè wọ ẹ̀yìn ẹ̀. Ọjọ́ tí iná ìjọba bá dé ni kẹ́ ẹ lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan papọ̀.

Ó ti dórí lóòdù wàyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kánjú níbí.

Ohun tí púpọ̀ àdúgbò máa ń ṣe ni kí wọ́n pín bébà kiri, kí ilé kọ̀ọ̀kan kọ nǹkan tó ń lò sí i. Kálukú á wá kọ fíríìjì kan, fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n kan. Wọn ò purọ́ o, ohun tó wá sí wọn lọ́kàn ni wọ́n kọ. Kò sẹ́ni tó rántí kọ áyọ́ọ̀nù, kò sẹ́ni tó kọ kẹ́tùlù, kò sẹ́ni tó kọ pọ́ǹpù omi, fíríísà kékeré tí màmá fi ń ta pure water kì í sí nínú bébà rárá. Oníṣòwò sólà á gba bébà yẹn, á ṣe ìṣirò tó máa jẹ́ kówó wọ̀ yín lójú, á gbé e, ẹ ó sì dáwó. Tó bá di oṣù kẹta bátìrì ò lè dé aago méjìlá òru mọ́, àwọn èèyàn á ní feyíkì, ayédèrú, ni wọ́n tà fún yín. Feyíkì wà lọ́jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí mo ti bá wọn tú wò, bátìrì gidi ni, iṣẹ́ tó ju agbára ẹ̀ lọ ni wọ́n gbé fún un.

Torí náà, ẹ má fi ẹnu ka lóòdù, ẹ wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n láì náwó rèé. Ẹ lọ síwájú mítà prepaid yín, ẹ máa rí iná pupa kékeré kan tó ń tàn tó ń kú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni wọ́n kọ 1000 imp/kWh sí, ìyẹn ni pé ó máa tàn ní ìgbà 1000 kí yúnìtì kan tó tán, àwọn mìíràn 1600. Ẹ dúró dìgbà tíná ìjọba bá wà, kẹ́ ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, kẹ́ ẹ yọ ṣájà pàápàá. Tí iná pupa yẹn bá ṣì ń tàn, nǹkan kan ṣì ń jẹ iná, ẹ wá a rí kẹ́ ẹ tó tẹ̀síwájú, nígbà mìíràn wáyà aládùúgbò lẹ máa bá níbẹ̀. Tó bá ti dákẹ́, ẹ tan nǹkan ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú mẹ́fà, kẹ́ ẹ máa ka iye ìgbà tí iná yẹn tàn. Ẹ fi òdo kan sí ìdí iye yẹn. Tó bá tàn ní ìgbà 12, 120 wáàtì ni nǹkan yẹn ń jẹ. Ìyẹn tí mítà bá jẹ́ 1000 o. Tó bá jẹ́ 1600, ẹ tún fi 1.6 pín in, 120 yẹn á di 75. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ti fíríìjì àti fíríísà yàtọ̀, torí wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọ́n ń dákẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́fà máa tàn yín jẹ. Mítà kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó wá ki fíríìjì bọ òun náà, ó máa ka yúnìtì fún yín láti àárọ̀ ọjọ́ kan sí àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí àdúgbò dáwó ra ẹyọ kan kó máa yípo láti ilé dé ilé. Rewáyà yín lè ní kí òun mú klámùpù mítà wá, ẹ má bá a jà, ṣùgbọ́n ohun tí nǹkan ń jẹ ní ìṣẹ́jú yẹn nìkan nìyẹn máa sọ fún yín, kò ní sọ ti ọjọ́ kan gbáko.

Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo, ìwé ọmọ iléèwé tó nípọn, kì í ṣe WhatsApp, ọ̀rọ̀ máa ń sọnù sínú WhatsApp. Ẹ la ojú ewé sí méjì: ọ̀sán lápá kan, òru lápá kejì. Ibí yìí gan-an lowó yín wà. Ohun tẹ́ ẹ bá lò lọ́sàn-án, pánẹ́ẹ̀lì máa gbé e tààrà. Ohun tẹ́ ẹ bá lò lóru nìkan ló ń jẹ bátìrì, bátìrì ló sì wọ́n jù.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan. Gílóòbù LED mẹ́fà tó ń jẹ 9 wáàtì, wákàtí márùn-ún, ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, 270 wáàtì-wákàtí. Fáànù méjì tó ń jẹ 60 wáàtì, wákàtí mẹ́jọ, 960. Tẹlifíṣọ̀n, 250. Fóònù àti láptọ́ọ̀pù, 180. Fíríìjì láti àárọ̀ dé àárọ̀, 1,200. Àpapọ̀ ẹ̀ 2,860 wáàtì-wákàtí lójúmọ́. Bátìrì olómi 12V tó jẹ́ 220Ah, 12 lọ́nà 220, 2,640 ló wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì ẹ̀ lẹ ò gbọdọ̀ kọjá tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ìyẹn 1,320. Ẹni tó bá da ọ̀sán pọ̀ mọ́ òru á ní bátìrì mẹ́ta ni, mẹ́ta ò sì ṣe é so lórí ínfátà 24V (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé), torí méjì-méjì ni 12V ń di 24V, yóò bá ra mẹ́rin. Ẹ wá ya òru sọ́tọ̀: gílóòbù, fáànù, tẹlifíṣọ̀n, àti ìdajì fíríìjì, ó di 2,080. Ẹ fi èyí tí ínfátà máa jẹ lé e, ó ń lọ sí bíi 2,450. Bátìrì méjì tó o. Ẹ̀ẹ́ ríyàtọ̀ náà. Ẹni tó bá sì gbàgbé fíríìjì nínú ìṣirò, á ra ẹyọ kan, á pa á láàárín ọdún kan. Ti bátìrì lithium yàtọ̀, ẹ lè lo bíi 80 nínú 100 rẹ̀, ó wọ́n lójú ọjọ́ kan ṣùgbọ́n òun ni mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n rà tówó bá wà.

Ohun tó bá ń mú nǹkan gbóná, ẹ má kà á mọ́ sólà rárá: áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù, hítà, sítóòfù oníná. Ohun tó sì ní mọ́tọ̀, iná tó ń fà nígbà tó bá fẹ́ gbéra máa ń ju èyí tó ń jẹ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún, torí náà ẹ má ra ínfátà tó kàn bá iye mu rẹ́gí. Lẹ́yìn náà kí ilé kan lọ ka ti ilé kejì. Ojú ẹlòmíràn máa ń rí fíríísà tí onílé ò rí mọ́.

Tí ìwé bá ti pé, ohun àjùmọ̀lò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sólà sí: bọ́ọ̀hóòlù. Ẹ ra pọ́ǹpù sólà tó ń ṣiṣẹ́ tààrà lára pánẹ́ẹ̀lì láìsí bátìrì. Oòrùn yọ, ó ń fa omi. Oòrùn wọ̀, ó dúró, tánkì tó kún ni bátìrì yín. Kò sí ohun tó máa yá àdúgbò lára bí omi tó ń ṣàn láìsí epo, àwọn tó ń ṣiyèméjì pàápàá máa dáwó ìkejì. Iná títì ló tẹ̀lé e. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ 1000W sí lára tí pánẹ́ẹ̀lì orí ẹ̀ ò sì ju àwo ìjẹun lọ. Pánẹ́ẹ̀lì tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóòró, bíi 200 wáàtì ló ń gbé wá nínú oòrùn gangan, torí náà ẹ wo ìwọ̀n ẹ̀, ẹ fi ti ohun tí wọ́n kọ sí i sílẹ̀.

Gígbé pánẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé, iṣẹ́ rewáyà ni, mi ò ní fa ìyẹn gùn. Kó kọjú sí gúúsù, kó dà sílẹ̀ díẹ̀ ní ìwọ̀n dìgírì 10 sí 15 kí òjò lè máa fọ eruku ẹ̀ lọ. Kọ́ńpáàsì inú fóònù tó fún ìyẹn. Ẹ gun òkè lọ wo òjìji ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ọ̀sán, àti aago mẹ́rin, torí ẹ̀ka máńgòrò kan tó bo igun pánẹ́ẹ̀lì kan lè fa gbogbo èyí tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ọn sẹ́yìn. Ínfátà gbọ́dọ̀ ní ṣéńjọ́fà, ẹ má jẹ́ kí iná yín padà sórí wáyà ìjọba, òṣìṣẹ́ tó wà lórí òpó ló máa pa.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe èyí tí gbogbo ilé máa pín, ẹ wo Gbamu-Gbamu ní Ìjẹ̀bú, ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ṣí sólà 85 kílówáàtì fún abúlé lọ́dún 2018. Ibẹ̀ ò gba owó orí ilé, mítà prepaid ni, kálukú ń san ìwọ̀n tó lò. Láìsí mítà, oní-fíríísà á máa jẹ owó oní-gílóòbù, ìjà á sì dé. Òfin iná mànàmáná 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti mójú tó iná tiwọn, nítorí náà ẹ lọ béèrè lọ́dọ̀ wọn kẹ́ ẹ tó fa wáyà kọjá títì. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀, èèyàn méjì ni kó máa fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ máa fi owó bátìrì pamọ́ lóṣooṣù láti oṣù àkọ́kọ́, torí pánẹ́ẹ̀lì lè lo ogún ọdún ó lé, bátìrì olómi ò lè bá a débẹ̀.

Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ máa nu pánẹ́ẹ̀lì lọ́sẹ̀ méjì-méjì, omi lásán àti fóòmù, kò gba Omo. Àárọ̀ kùtù ni o, torí omi tútù lórí díńgí tó ti gbóná lè mú kó là. Bátìrì olómi, omi bátìrì funfun tí wọ́n ń tà ní ọ̀dọ̀ oníbátìrì nìkan ni kẹ́ ẹ rọ sí i. Ẹni tó bá sì ra fíríísà tuntun, kó kọ́kọ́ gbé ìwé yẹn jáde kó tó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.