Bí Ọ̀gá Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà Ṣe Lè Mú Kí Iṣẹ́ Yá: Ẹ Wá Ibi Tí Iṣẹ́ Ti Ń Dúró

Tí wọ́n bá fi yín ṣe olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ń falẹ̀, ẹ má tíì ra ohunkóhun, ẹ má sì tíì gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Òṣogbo, láti Ògo-Olúwa títí dé Àlékúwodò, ohun kan náà ni mo sì ń bá níbẹ̀. Ọ̀gá tuntun á dé, á ra áàpù tuntun, á pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, á máa pe ìpàdé láràárọ̀. Tó bá fi máa di oṣù mẹ́fà, iṣẹ́ tó ń pẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣì ń pẹ́. Iṣẹ́ kì í sábà pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é. Ibi tó ti ń dúró de ẹlòmíràn ló ti ń pẹ́.

Ìlú aró ni Òṣogbo. Ẹni tó bá ti jókòó ti aláró rí mọ̀ pé ríri aṣọ bọ ìkòkò kò gba àkókò, dídúró kí aró kan ló ń gba ọjọ́. Ṣùgbọ́n ìdúró tiwọn ní iṣẹ́ tó ń ṣe, torí aró tí kò bá kan kò ní mú aṣọ. Nínú ọ́fíìsì wa, iṣẹ́ kàn jókòó ni, kò sí ohun tó ń kan.

Ẹ tẹ̀lé iṣẹ́ kan ṣoṣo dé òpin

Ẹ mú ìbéèrè kékeré kan tí oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá, kí ẹ sì máa bá a kiri fúnra yín. Ìwé olójú-ewé 80 àti bírò kan ti tó. Èmi kì í gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ síbẹ̀, torí tí òṣìṣẹ́ bá rí ọ̀gá tó jókòó tì í tó ń tẹ nǹkan, àyà rẹ̀ á máa já, kò sì ní sọ òótọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ náà dé ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é gan-an, àti ọjọ́ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe áàpù fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ohun tí oníbàárà fẹ́ kò ju kí déètì máa hàn lórí rìsíìtì lọ. Ọjọ́ márùn-ún ni ìbéèrè náà fi dúró de ìbuwọ́lùwé ọ̀gá tó rìnrìn àjò. Nígbà tó dé ọwọ́ ọmọkùnrin tó ń kọ kóòdù, ọ̀sán ọjọ́ kan péré ló lò, wákàtí méjì lọ sí i nínú rẹ̀. Ó wá dúró fún ọjọ́ méje kí ẹni tó máa dán an wò tó ráyè, ìdajì wákàtí ló sì fi dán an wò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tún dúró fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló mọ páswọ̀ọ̀dù sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí áàpù náà ń ti ibẹ̀ ṣiṣẹ́, ó sì ti lọ sìnkú ní Ìkìrun. Nígbà tó dé, ogún ìṣẹ́jú ló lò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 22, ọwọ́ ènìyàn ò sì kan iṣẹ́ náà tó wákàtí mẹ́ta.

Nígbà tí mo gbé ìwé náà fún ọ̀gá wọn, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ìka sí ibi ọjọ́ márùn-ún ìbẹ̀rẹ̀, ó ní, “Èmi nìyí o.” Tí ọ̀gá bá lè sọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: òǹkà

Ẹ fara balẹ̀ níbí, torí mo ti rí ẹni tó ṣe gbogbo ìyókù dáadáa tó wá fi èyí ba ilé jẹ́.

Ẹ gbọ́dọ̀ ka nǹkan, mi ò jiyàn ìyẹn. Ohun mẹ́rin ni mo máa ń kà: ẹ̀ẹ̀melòó la ń gbé ohun tuntun jáde lóṣù, ó ń pẹ́ tó báwo láti ìgbà tí kóòdù parí títí oníbàárà fi rí i lò, mélòó nínú ohun tí a gbé jáde ló ba nǹkan jẹ́, tí nǹkan bá sì bàjẹ́, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kó tó padà bọ̀ sípò. Kì í ṣe èmi ló ronú wọn. Ọ̀dọ̀ Nicole Forsgren, Jez Humble àti Gene Kim ni wọ́n ti wá, nínú ìwádìí DORA, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí bí iṣẹ́ sọ́fítíwíà ṣe ń lọ, tí Google rà ní 2018. Ohun tí wọ́n rí yẹ kí gbogbo ọ̀gá gbọ́: àwọn tó ń yára gbé iṣẹ́ jáde náà ni nǹkan wọn kì í sábà bàjẹ́. Ẹni tó bá ní ká rọra ṣe kó má baà bàjẹ́, ẹ fi èyí dá a lóhùn.

Òǹkà gbogbo ẹ̀ka nìyẹn o, kì í ṣe ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí ẹ̀gbẹ́ òǹkà. Mo tún un sọ: ẹ má kọ orúkọ.

Ọ̀gá kan tí mo bá ṣiṣẹ́ kò gbọ́. Ó tẹ orúkọ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sórí pépà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló sì ń fi bírò pupa kọ iye iṣẹ́ tí oníkálukú parí. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, iṣẹ́ kan ti ń di márùn-ún, torí wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́ kí òǹkà lè pọ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan iṣẹ́ tó le mọ́. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn máa ń sáré tọ̀ lọ tí kóòdù bá dá wọn lágara. Òun ló gbẹ̀yìn lórí pépà yẹn, nítorí iṣẹ́ ẹlòmíràn ló ń bá wọn parí. Kò pẹ́ tó fi wá iṣẹ́ lọ sí ibòmíràn, ẹ̀ka náà ò sì rí ẹni bíi tirẹ̀ mọ́. Charles Goodhart, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàkíyèsí irú nǹkan báyìí nípa ọ̀rọ̀ owó ní 1975: òǹkà tí a bá ti fi ń darí ènìyàn kì í sọ òótọ́ mọ́.

Ìkejì rẹ̀ ni ìpàdé tí ẹ máa pè tí nǹkan bá bàjẹ́. Tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu yín bá jẹ́ “Ta ló ṣe é?”, ẹ ò ní gbọ́ òótọ́ mọ́ láyé. Amy Edmondson, olùkọ́ ní Harvard, ṣe ìwádìí láàárín àwọn nọ́ọ̀sì. Ó rò pé ibi tí ìṣọ̀kan wà ni àṣìṣe á ti kéré. Ibẹ̀ gan-an ló bá àṣìṣe tó pọ̀ jù nínú ìwé, torí àwọn yẹn ò bẹ̀rù láti sọ ọ́. Ibi tí ẹnu ti dákẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rù.

Nílé wa níbí, ó tún le sí i. Ọmọ tí wọ́n fi “Ẹ pẹ̀lẹ́ sà” tọ́ kò ní sọ̀rọ̀ lójú ọ̀gá pé ọ̀gá ló ṣìnà, àgàgà tí ọ̀gá bá ti kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé mi, ọ̀gá ló sì ń gbẹ̀yìn. Ẹ ṣe é láàárín ọjọ́ méjì, kí ọ̀rọ̀ má tíì tutù. Ẹ kọ bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ ní wákàtí dé wákàtí, kí ẹ sì bi wọ́n pé kí ló mú kó rọrùn láti ṣe àṣìṣe yẹn. Tí ìdáhùn bá jẹ́ “àìfiyèsí”, ẹ ò tíì dé ìdí rẹ̀. Ẹ tún bèèrè.

Ẹ dín iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kù

John Little fi ìṣirò kan hàn ní 1961 tí ọmọ ilé-ìwé lè ṣe: ẹ pín iye iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ sí iye tí ẹ ń parí lọ́sẹ̀, ẹ ó mọ iye ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ kan ń lò. Bí iṣẹ́ 18 bá wà nílẹ̀, tí ẹ ń parí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Ẹ jẹ́ kó ku mẹ́fà, ó di ọ̀sẹ̀ méjì, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi eré kún eré. Ẹni tó ń lé eku méjì á pòfo; àwọn ọmọ tí mo sì ń bá lẹ́nu iṣẹ́, eku méje ni wọ́n ń lé.

Méjì ni kó wà lọ́wọ́ ẹnì kan, kò gbọ́dọ̀ di mẹ́ta. Ẹ gé páálí kékeré, ẹ kọ iṣẹ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi píìnì kàn án mọ́ pátákó níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń rí i. Mo ti lo pépà aláwọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Tí ọyẹ́ bá dé tí fáànù ń fẹ́, gbogbo rẹ̀ ni ẹ máa ń ṣà nílẹ̀. Páálí bísíkíìtì dára jù, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹni tí ẹ máa bá jà lórí èyí ni ọ̀gá àgbà, tí yóò máa mú iṣẹ́ kánjúkánjú wá. Ẹ má kọ̀ fún un. Ẹ mú un dé iwájú pátákó, kí ẹ ní, “Sà, èwo ni ká yọ kí tiyín lè wọlé?” Òun fúnra rẹ̀ ni kó fọwọ́ yọ páálí náà. Tó bá ní òun á gba ènìyàn sí i, ẹ rán an létí ohun tí Fred Brooks kọ ní 1975 lẹ́yìn iṣẹ́ ńlá tó ṣe ní IBM: ẹni tuntun tí a fi kún iṣẹ́ sọ́fítíwíà tó ti pẹ́ á tún jẹ́ kó pẹ́ sí i ni, torí àwọn tó wà níbẹ̀ ló máa kọ́ ọ.

Ìyókù kò le

Páswọ̀ọ̀dù sáfà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni méjì ó kéré tán. Ẹ gbìyànjú láti fi ẹ̀dà ìpamọ́ (backup) dá iṣẹ́ padà lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí ẹ máa gbé nǹkan jáde, ní àárọ̀. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ Ẹtì láé. Bí owó kò bá tó ra ìnfátà fún gbogbo ọ́fíìsì, ẹ fi èyí tí ẹ bá rí rà sí ráútà àti sáfà. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì tirẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún gbé ìwé olójú-ewé 80 yẹn, kí ẹ tẹ̀lé iṣẹ́ mìíràn. Ní ilé-iṣẹ́ alájẹṣẹ́kù yẹn, iṣẹ́ kejì tí mo tẹ̀lé gba ọjọ́ mẹ́rin, méjì nínú rẹ̀ sì ṣì jẹ́ ti ìbuwọ́lùwé. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá wọn pinnu pé ohunkóhun tí kò bá ti kan owó oníbàárà, kí olórí àwọn tó ń kọ kóòdù máa buwọ́ lù ú.