Ẹ tètè gba yàrá lójú ọ̀nà NC500

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ fẹ́ wakọ̀ lójú ọ̀nà NC500 (North Coast 500), tó yípo àríwá Scotland, ní Oṣù Keje, ẹ tètè wá ibi tẹ́ ẹ máa sùn. Yàrá mélòó kan péré ló sábà máa ń wà nínú ilé B&B ibẹ̀, ìyẹn ilé tí onílé ti ń gba àlejò sùn, tó sì ń fún wọn ní oúnjẹ àárọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí ilé tó wù yín lórí Google Maps, ẹ pe onílé gan-an. Ó lè dín owó kù, torí kò ní san owó alágbàtà. Ẹ bi í ní aago tó ń gba àlejò wọlé. Máìlì 516 lọ̀nà yẹn láti Inverness padà sí Inverness, ṣùgbọ́n ẹ má pín in sí ọjọ́ díẹ̀ péré o: ibi tóóró pọ̀, ẹ ó máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ọkọ̀ tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì bá “No Vacancies” (kò sí yàrá mọ́) lójú fèrèsé, ẹ ṣì béèrè lọ́wọ́ onílé. Ó lè mọ aládùúgbò tó ní àyè.